Mọ́tò tọ́kùnbọ̀ àti jàǹbá ojú pópó: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó ní Owódé Onírin

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Mile 12, tó ń lọ sí Ìkòròdú, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Owódé Onírin. Orúkọ ọjà náà ti sọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Irin ni. Ẹ́ńjìnnì wà ńlẹ̀, gíá wà ńlẹ̀, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná iwájú, táyà àti oríṣiríṣi páàtì tí mẹkáníìkì bá lè béèrè. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń ná Kétu, Ìkòsì àti Ìkòròdú lójoojúmọ́ ló jẹ́ pé ọjà yìí, tàbí ọjà ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Ládípọ̀ ní Mushin, ló ń gbé wọn ró.

Tí èèyàn bá fẹ́ ra mọ́tò tọ́kùnbọ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á kì í yàtọ̀: Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa? Ṣé AC rẹ̀ ń tutù? Ṣé kì í mu epo jù? Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu: Tí mọ́tò yìí bá lọ forí sọ nǹkan, ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò yè é?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, èèyàn 5,081 ló kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní tirẹ̀ sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni jàǹbá ojú pópó ń pa lágbàáyé lọ́dún kan. Nínú èèyàn 100 tó bá kú bẹ́ẹ̀, 92 ló jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Eré àsápajúdé, ojú ọ̀nà tí kò dáa àti ọtí àmupara wà nínú ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n irú mọ́tò tí èèyàn jókòó sí náà ní ọwọ́ nínú ẹni tó máa kú àti ẹni tó máa dìde rìn lọ.

Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní tọ́kùnbọ̀?

Orúkọ èèyàn ni Tọ́kùnbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí wọ́n wá gbé wálé, ni Yorùbá ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mọ́tò àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ìlú òyìnbó, àwọn èèyàn gbé orúkọ yìí lé e lórí, ó sì mọ́ ọn lára. Ní ti páàtì àlòkù, "Belgium" ni ọ̀pọ̀ ń pè é, torí pé èbúté Antwerp ní orílẹ̀-èdè Belgium wà lára ibi tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ń gba orí omi wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà kan, kì í ṣe tọ́kùnbọ̀ ni gbogbo èèyàn ń lé kiri. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà sì ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ìjàpá. Nígbà tí náírà wálẹ̀, tí owó mọ́tò tuntun ga ju apá òṣìṣẹ́ lọ, tọ́kùnbọ̀ gba ìgboro.

Lóde òní, ọ̀nà tí àwọn mọ́tò yìí ń gbà wọlé pọ̀. Àwọn kan ń gba èbúté Tin Can àti Àpápá wọlé tààrà. Àwọn kan á kọ́kọ́ dé Kùtọnù ní Benin, níbi tí òwò mọ́tò àlòkù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó wá bí wọ́n ṣe máa wọ Nàìjíríà. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ni fàyàwọ́ wà.

Ìròyìn kan tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, UNEP, gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 mọ́tò àlòkù kéékèèké ló kúrò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí ìlú mìíràn láàárín 2015 sí 2018. Nínú mẹ́wàá wọn, mẹ́jọ ló lọ sí orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ìjọba Netherlands náà yẹ àwọn mọ́tò tí wọ́n ń kó gba èbúté wọn wá sí Áfíríkà wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé púpọ̀ nínú wọn ti lo ọdún 16 sí 20, wọn kò sì ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ṣì yẹ lójú pópó. Ìyẹn ni pé mọ́tò tí wọn kò ní gbà kí ó rìn ní Amsterdam ni wọ́n ń tà fún ẹni tó máa gbé e gba Third Mainland Bridge.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí èyí. Kenya kì í gba mọ́tò tó bá ti ju ọdún mẹ́jọ lọ. South Africa kò gba tọ́kùnbọ̀ láyè fún àwọn aráàlú láti rà rárá. Ní Nàìjíríà, ọdún 15 ni òté rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù sí 12. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ orí mọ́tò ni òfin yìí ń wò. Kò béèrè bóyá mọ́tò náà ti ní jàǹbá rí.

Báwo ni mọ́tò ṣe ń dáàbò bo èèyàn?

Àwọn àgbà kan ṣì máa ń sọ pé mọ́tò àtijọ́ ló jẹ́ irin gidi, pé tòde òní kàn rọ̀ bíi páálí ni. Òótọ́ ni pé imú mọ́tò òde òní tètè ń rún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó já bọ́ sórí tìmùtìmù àti ẹni tó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ibi kan náà ni wọ́n lè ti já, àmọ́ ìpalára wọn kò lè dọ́gba. Bí imú mọ́tò ṣe ń rún, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ agbára ìkọlù náà díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ara èèyàn. Tí imú bá kọ̀ tí kò rún, egungun àyà awakọ̀ ló máa rún.

Nítorí náà, mọ́tò tí wọ́n ṣe dáadáa ní ibi tó yẹ kó rún, ó sì ní ibi tí kò gbọdọ̀ rún. Iwájú àti ẹ̀yìn lè rún. Àárín tí èèyàn jókòó sí gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in bí àpótí. Lẹ́yìn èyí ni bẹ́líìtì ìjókòó, tó máa di èèyàn mú kó má baà fi àyà gbá steering. Bẹ́líìtì oníbi mẹ́ta tí à ń lò lónìí, iléeṣẹ́ Volvo ti Sweden ló gbé e jáde lọ́dún 1959. Ẹ̀yìn bẹ́líìtì ni àpò afẹ́fẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí airbag, tó máa ń tú jáde, tó sì máa ń kún kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Eré náà kò gbọdọ̀ ṣé e fojú fò. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù á di ìlọ́po mẹ́rin. Kìlómítà 64 ní wákàtí kan ni wọ́n sábà máa ń lò nígbà tí wọ́n bá ń dán mọ́tò wò, tí wọ́n á fi gbá ògiri. Mọ́tò tó yege nínú ìdánwò yẹn kò ṣe ìlérí kankan fún ẹni tó ń sá 140 lórí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn.

Ewu àkọ́kọ́: mọ́tò tó ti kú rí

Ní Amẹ́ríkà, tí mọ́tò bá ní jàǹbá tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì pọ̀ jù, iléeṣẹ́ adójútòfò á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á wá ta mọ́tò náà ní gbàǹjo. Ìwé rẹ̀ á gbé àmì "salvage". Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún mọ́tò tí omíyalé bá gbé. Níbẹ̀, irú mọ́tò yìí kò lè padà sójú pópó láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi, kó sì dé Èkó, kí pánẹ́ẹ̀bítà nà án, kí pẹ́ńtà kùn ún, kó máa dán gbinrin.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń sọnù nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, tí ojú kò sì ní rí i.

Àkọ́kọ́ ni agbára irin. Irin kan wà lára mọ́tò òde òní, pàápàá ní òpó ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé iná àti ìtutù ni wọ́n fi ṣe é lọ́nà àrà kí ó lè le ju irin lásán lọ. Tí ajórin bá fẹ́ iná gáàsì sí i, líle yẹn á lọ. Ó lè tọ́, ó lè gún régé, àmọ́ kò jẹ́ irin tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní "cut and join". Mọ́tò méjì ló ní jàǹbá, iwájú ọ̀kan bàjẹ́, ẹ̀yìn ìkejì bàjẹ́. Wọ́n á gé wọn, wọ́n á sì jó ìdajì tó dáa nínú ọ̀kan mọ́ ìdajì tó dáa nínú èkejì. Tó bá ń lọ lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ tó bá kọlu nǹkan, ojú ibi tí wọ́n ti jó o ni yóò kọ́kọ́ yà.

Ìkẹta ni airbag àti bẹ́líìtì. Airbag tó bá ti tú lẹ́ẹ̀kan kò tún wúlò mọ́. Bẹ́líìtì tó ti di èèyàn mú nínú jàǹbá ńlá náà ti na, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Torí pé owó wọn wọ́n, àwọn kan kì í pààrọ̀ wọn. Wọ́n á kàn lẹ ojú steering àti dáṣíbọ́ọ̀dù padà, wọ́n á yọ gílóòbù iná airbag kúrò, tàbí kí onírẹwáyà so ó mọ́ iná mìíràn kó lè máa kú nígbà tó yẹ. Ẹni tó rà á á rò pé òun ní airbag. Ìdérí lásán ló rà.

Ewu kejì: airbag tó ń pa ẹni tó yẹ kó gbà là

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkó ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Takata ni orúkọ iléeṣẹ́ kan ní Japan tó ń ṣe airbag fún Honda, Toyota, Nissan, BMW, Ford àti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonium nitrate ni wọ́n lò láti mú kí airbag náà kún. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá kẹ́míkà yìí fínra fún ọdún mélòó kan, ó ń bàjẹ́. Ọjọ́ tí mọ́tò bá wá kọlu nǹkan, kódà kó jẹ́ ìkọlù kékeré, á jó lójijì ju bó ṣe yẹ lọ. Agolo irin tó wà nínú rẹ̀ á fọ́, èéfọ́ rẹ̀ á sì fò mọ́ ọrùn àti ojú awakọ̀ bí ọta ìbọn.

Ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ní Malaysia, tó jẹ́ ìlú olóoru bíi tiwa. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú agolo yìí ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá padà. Kò sí irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn mọ́tò. Lóṣù kẹfà ọdún 2017, gbèsè wó Takata lulẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni àwọn Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003. Lóṣù kẹfà ọdún 2016, àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé nínú àwọn tó ti pẹ́ níbi ooru àti ọ̀rinrin, ó lè tó ìdajì tó máa fọ́ tí airbag bá tú. Àwọn tó wà lórí àkọsílẹ̀ náà ni Civic àti Accord ọdún 2001 àti 2002, CR-V àti Odyssey ọdún 2002, Pilot ọdún 2003, Acura TL ọdún 2002 àti 2003, pẹ̀lú Acura CL ọdún 2003. Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Kétu fún wákàtí kan, ó ṣòro kó má rí ọ̀kan nínú orúkọ yìí kó kọjá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ pe àwọn mọ́tò tó wà ní Florida, Texas àti Louisiana, torí ooru ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ooru àti ọ̀rinrin tibí kò kéré sí tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ìpè tí wọ́n kọ ránṣẹ́, ẹni tó ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló lọ bá. Kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ní Èkó.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn tó ń ra páàtì fi sọ́kàn. Tí ẹ bá ra airbag àlòkù lọ́jà, ẹ kò lè mọ ara mọ́tò wo ni wọ́n ti yọ ọ́. Tí ẹ bá wá yẹ nọ́ńbà ṣasí mọ́tò yín wò, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì sọ pé kò ní wàhálà, mọ́tò yín ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ nípa airbag tí ẹ rà.

Ṣé mọ́tò tuntun ló wá dáa jù?

Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Lóṣù kọkànlá ọdún 2017, àjọ Global NCAP tó ń fi mọ́tò gbá ògiri láti dán an wò gbé èsì àkọ́kọ́ jáde lórí àwọn mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà ní South Africa. Ìràwọ̀ márùn-ún ni èyí tó ga jù. Toyota Etios gba mẹ́rin, VW Polo Vivo àti Renault Sandero gba mẹ́ta, Datsun Go+ gba ẹyọ kan. Chery QQ3 kò gba ìràwọ̀ kankan. Lọ́dún 2018, Nissan NP300 Hardbody náà gba òdo.

Lẹ́yìn náà ni Global NCAP ṣe ohun kan tó yani lẹ́nu. Wọ́n gbé Hardbody tuntun tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà, wọ́n fi kọlu Nissan Navara àlòkù ọdún 2015 tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù. Èsì wọn ni pé awakọ̀ inú ọkọ̀ tuntun ló ṣeé ṣe kó kú. Awakọ̀ inú àlòkù ló máa sọ̀ kalẹ̀ rìn lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ohun tí òfin Yúróòpù béèrè ni wọ́n fi sínú ọ̀kan. Ìkejì kò rí ẹni béèrè fún un.

Irú èyí náà ṣẹlẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí Suzuki S-Presso tí wọ́n ń tà ní India gba òdo. Ọkọ̀ kékeré yìí ti di ohun tí àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè ń lò ní Èkó. Nígbà tí wọ́n dán ti South Africa tó ní airbag méjì níwájú wò lẹ́yìn náà, ó gba ìràwọ̀ mẹ́ta. Orúkọ kan náà, ìràwọ̀ tó yàtọ̀. Torí náà, kí ẹ tó ra mọ́tò tuntun tí owó rẹ̀ rọ̀, ẹ bi wọ́n pé airbag mélòó ló ní, àti pé ṣé ó ní ABS àti ESC.

Ní ti tọ́kùnbọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é ṣe pàtàkì. Láti mọ́tò ọdún 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo mọ́tò kéékèèké ní airbag méjì níwájú. Láti ọdún 2012 ni gbogbo wọn ti gbọ́dọ̀ ní ESC, ìyẹn ohun tó ń bá awakọ̀ di mọ́tò mú kó má baà yọ̀ tàbí takìtì. Lóṣù kejìlá ọdún 2012, àjọ IIHS ní Amẹ́ríkà fi igun iwájú Toyota Camry ọdún náà gbá ohun líle. Ó gba máàkì tó kéré jù. Toyota tún ara rẹ̀ ṣe, Camry ọdún 2015 sì gba máàkì tó ga jù nínú ìdánwò kan náà. Ẹni tó kàn sọ pé "Camry ni mo fẹ́" kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Dáńfó àti Kọ́rọ́pẹ̀ ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ra mọ́tò, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ṣe dáńfó, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Èkó ni wọ́n ti gé fèrèsé sí wọn lára, tí wọ́n sì jó ìjókòó mọ́ ilẹ̀ wọn. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò rí ìdánwò kankan, kò sì sábà ní bẹ́líìtì. Tí bọ́ọ̀sì náà bá gbá nǹkan, ìjókòó lè tú pẹ̀lú èrò tó wà lórí rẹ̀, kó lọ tẹ àwọn tó wà níwájú.

Kọ́rọ́pẹ̀ náà ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún Japan, níbi tí òfin ti ní kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má gùn ju mítà 3.4 lọ, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má sì ju 660 lọ. Imú wọn kúrú. Orúnkún awakọ̀ kò jìnnà sí bọ́ńpà, kò sì sí ibi púpọ̀ tó lè rún kí ìkọlù tó dé ara. Ọwọ́ ọ̀tún ni Japan ń gbé steering sí. Láti ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́wọ́ ọ̀tún ojú pópó, ọwọ́ òsì ni steering wa gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, wọ́n ní láti gé e, kí wọ́n sì gbé e sọ́wọ́ kejì. Bí wọ́n bá ṣe jó o ló ṣe máa dúró.

Ẹni tó bá ní àǹfààní láti yan ìjókòó, kó yan èyí tó ní bẹ́líìtì tó ń ṣiṣẹ́. Kó má sì tijú láti sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra.

Páàtì tó ṣeé rà ní àlòkù àti èyí tí kò ṣeé rà

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí àwọn èèyàn má lọ sí Owódé Onírin mọ́. Ọjà náà ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, òun ló sì ń jẹ́ kí mọ́tò tálákà lè máa rìn. Ohun tó yẹ ni kí èèyàn mọ èyí tó máa rà.

Èyí tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò pọ̀: ẹ́ńjìnnì, gíá, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, dígí ẹ̀gbẹ́, iná, rédíétọ̀, ìjókòó tí kò ní airbag lára. Tí wọ́n bá bàjẹ́, owó ló máa bá a lọ.

Èyí tí ẹ̀mí wà lórí rẹ̀: airbag, bẹ́líìtì, páàdì àti ọ̀pá omi bíréèkì, ball joint, àwọn irin tó so steering mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, àti táyà. Tuntun, ojúlówó, ni kí ẹ ra. Ní ti táyà, táyà àlòkù fún mọ́tò kéékèèké wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé. Bó ṣe wá kún ìgboro tó yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bí ẹ ṣe lè yẹ mọ́tò wò kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ ka nọ́ńbà ṣasí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló yẹ kó jẹ́. Lára mọ́tò Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún rẹ̀: 1 ni 2001, 9 ni 2009, A ni 2010, C ni 2012, F ni 2015. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu.

2. Ẹ fi nọ́ńbà náà sórí ojúlé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa sọ bóyá ìpè kan wà lórí mọ́tò náà tí wọn kò tíì dáhùn. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn wà tó ń gba owó díẹ̀ láti sọ bóyá ó ti ní jàǹbá tàbí ó ti wọ omi rí.

3. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sitáàtì. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí kò bá tàn rárá, tàbí tó bá kọ̀ tí kò kú, ẹ dúró ná. Tó bá ń tàn, tó sì ń kú lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú iná mìíràn, ẹ ní kí onírẹwáyà tí ẹ fọkàn tán fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò.

4. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán. Tó bá ti ya, tó ti na tàbí tí kò padà wọlé dáadáa, kò dáa. Ẹ já a lójijì. Ó gbọ́dọ̀ há.

5. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Ojú ibi tí iléeṣẹ́ jó máa ń wà létòlétò. Èyí tí wọ́n bá jó ní ìgboro máa ń rí ṣákaṣàka, ọ̀dà á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ tún wo orí nọ́ọ̀tì bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóyá ọ̀dà rẹ̀ ti bó, torí pé ìyẹn fi hàn pé wọ́n ti tú u rí.

6. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Tó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí ìpẹtà sì wà lábẹ́ ìjókòó, ó lè jẹ́ pé omi ti gbé e. Irú waya bẹ́ẹ̀ lè má gbé iná dé airbag lọ́jọ́ tó bá yẹ.

7. Ẹ ka ara táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè dán kó sì ti darúgbó.

8. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání. Ẹ má ṣe lo èyí tí ẹni tó ń ta mọ́tò bá yín pè. Tí ẹ bá sì rà á, àwọn ibùdó àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní LACVIS ní Ìpínlẹ̀ Èkó ń fi ẹ̀rọ wo bíréèkì, iná àti ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ gbé mọ́tò lọ gan-an. Ẹ má ṣe kàn rán ẹnìkan lọ gba ìwé.

Tí mọ́tò náà bá ti wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá wà nínú àwọn Honda tí a kà sílẹ̀ lókè yẹn, kó gbé e lọ bá iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ láti ta irú mọ́tò náà, kó béèrè nípa ìpè Takata. Kò gbọdọ̀ sọ fún mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé pé kó tú u. Ohun tó ń bú gbàù ni, ó lè pa ẹni tó ń tú u.

Ohun tó kù kò ní owó nínú. WHO sọ pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú kù dé ìdajì fún ẹni tó bá jókòó níwájú. Kò sí páàtì kankan tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, inú mọ́tò ló sì ti wà. Ẹni tó wà lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dè é, torí tí ẹni ẹ̀yìn kò bá dè é, ara ẹni iwájú ló máa fò lọ. Ẹ̀yìn ni kí ọmọdé jókòó, lórí ìjókòó tirẹ̀. Ọwọ́ ìyá kan kò lè di ọmọ mú tí mọ́tò tó ń sá 50 bá dúró gbagidi lójijì, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ náà tó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn ọ̀dà tó ń dán, lẹ́yìn AC tó ń tutù, irin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló lè wúlò. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ẹ máa béèrè bóyá wọ́n ti jó o rí. Ọjọ́ tí ẹ bá ń ná an ni.

Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú pópó, nọ́ńbà FRSC ni 122. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ lè pe 767 tàbí 112.